Omi Abẹ́ Àpáta: Ìtàn Kànga àti Ìṣirò Omi ní Gúúsù Èkìtì

Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré, bí ó ti rí ní gbogbo apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, òkúta ló ń pín omi fún ènìyàn. Òjò kò wọ́n ní agbègbè náà: láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá ni ó máa ń rọ̀, àròpọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún kan a sì máa ju mìlímítà 1,000 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọ oṣù Kejì, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké á ti gbẹ dé yanrìn, omi kànga á ti lọ sísàlẹ̀, ilé kan a sì máa rí omi fà nígbà tí kànga ilé kejì tó múlé tì í ti di ihò gbígbẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kànga méjì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará agbègbè náà ti ń wá ìdí rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, òun náà sì ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń wá nígbà tí wọ́n bá jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ṣe àwòṣe omi abẹ́ ilẹ̀, ìyẹn ni ìṣirò tó ń fi ibi tí omi ti wọ ilẹ̀ hàn, pẹ̀lú ọ̀nà tó ń gbà lábẹ́ ilẹ̀ àti ibi tí yóò ti jáde.

Àpáta tó wà lábẹ́ gúúsù Èkìtì jẹ́ ara ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní àpáta ìpìlẹ̀, ìyẹn àwọn òkúta líle ayé àtijọ́ tí ooru inú ilẹ̀ àti ìfúnpọ̀ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni òkúta abilà tí wọ́n ń pè ní migmatite-gneiss. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn ni àwọn gíránáìtì ya wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, àti pẹ̀lú wọn òkúta kan tó ṣú dúdú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ charnockite, èyí tó wọ́pọ̀ láti Àkúrẹ́ gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì. Òkè Olóṣùnta àti Òkè Òrólé, tí ẹni tó bá ń bọ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́ máa ń rí láti òkèèrè, jẹ́ ibi tí irú àpáta bẹ́ẹ̀ ti yọrí sí gbangba.

Nígbà tí irú òkúta yìí bá ṣì wà ní odidi, kò sí àyè nínú rẹ̀ tí omi lè gbà. Ohun tó sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ omi ni pé òjò àti ooru ti jẹ ojú rẹ̀ rà fún àìmọye ọdún, tó fi di amọ̀, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì sán káàkiri. Ìpele tó jẹrà yìí àti àwọn ojú sísán abẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ agbomi ní Èkìtì, ìyẹn ilẹ̀ tó ń gba omi sínú tó sì ń jẹ́ kí ènìyàn fà á jáde. Ó nípọn níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, àpáta odidi a sì máa yọ láàárín, tó fi jẹ́ pé omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà kò tẹ́ lọ bí òkun kan ṣoṣo. Bí àmù púpọ̀ tí a rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló rí, tí òmíràn jinlẹ̀, tí òmíràn kò jinlẹ̀, tí àwọn kan sì lu sínú ara wọn. Níbi tí charnockite bá ti jẹrà, amọ̀ ló sábà máa ń dà, amọ̀ sì lè kún fún omi síbẹ̀ kí ó má yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó ń fà á. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tútù kì í fi í ṣe ẹ̀rí pé kànga ibẹ̀ yóò lómi.

Àwọn tó tẹ àwọn ìlú wọ̀nyí dó kò fún àwọn òkúta náà ní irú orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìṣe wọn. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta ìhòòhò kì í wọlé síbẹ̀. Ṣe ni yóò ṣàn wá sí ẹsẹ̀ òkè, tí ilẹ̀ rírọ̀ ibẹ̀ yóò sì fà á mu, nítorí náà ẹsẹ̀ òkè ni ìsun omi ti máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá èyí tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877 títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, wọ́n sábà máa ń ka òkè Èkìtì sí odi lásán, ibi tí ará ìlú lè sá gùn nígbà tí ọ̀tá bá dé. Ó yẹ kí wọ́n ka omi mọ́ ọn. Odi tí kò bá ní omi nínú kò lè pẹ́ kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá, ìlú tó sì fara ti àpáta rí ààbò àti ìsun omi ní ojú kan náà.

Àṣà tó yí omi ká ní àwọn ìlú náà bá ìmọ̀ yìí mu. Apá òkè odò ni wọ́n ti ń pọn omi mímu, apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n ti ń fọṣọ, tí wọ́n sì ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Igbó tó yí ọ̀pọ̀ ìsun ká jẹ́ igbó èèwọ̀ tí a kì í ṣá, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òrìṣà odò, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ etí omi. Ẹni tó bá wo èèwọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú ojú onímọ̀ omi yóò rí i pé wọ́n dáàbò bo ilẹ̀ tí òjò ń gbà wọlé, wọ́n sì fún ìsun láyè láti kún padà, ohun yòówù kí àwọn tó fi wọ́n lélẹ̀ ní lọ́kàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn líle, àwọn obìnrin a gbẹ́ ihò sínú yanrìn odò tó ti gbẹ, wọn a dúró kí omi sun wá, wọn a sì fi igbá kékeré bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò. Omi inú yanrìn yẹn jẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀ gan-an, ìyẹn ni pé àwọn ìyá wọ̀nyẹn mọ̀ pé odò kò tán nígbà tí ojú rẹ̀ bá gbẹ. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ̀ kọjá lọ sí ìhà Oǹdó, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń bọ́ nígbà tí òjò kò sí.

Kànga gbígbẹ́ nínú agboolé gbilẹ̀ nígbà ìjọba òyìnbó, nígbà tí Adó-Èkìtì ti di olú ìlú Ẹ̀ka Ìṣàkóso Èkìtì láti 1913, tí owó kòkó sì wá sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di ẹni tó lè kọ́ ilé onípáánù, kí ó sì san owó fún àwọn agbẹ́kànga. Wólé-wólé, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù, a máa wò bóyá kànga ní ìdérí, bóyá ẹnu rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, bóyá kò sì sún mọ́ sálángá jù. Àwọn agbẹ́kànga fúnra wọn ní ìmọ̀ tó yẹ kí ìwé ìtàn kà sí iṣẹ́ ọpọlọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le jù ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ, kí kànga lè jinlẹ̀ dé ibi tí omi kò ti ní sá. Wọ́n mọ̀ pé lẹ́yìn ilẹ̀ pupa ni yangí máa ń wà, lẹ́yìn yangí ni amọ̀ aláwọ̀ púpọ̀ tí nǹkan dídán ń tàn yẹrẹyẹrẹ nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yanrìn líle tí òkúta bàbá rẹ̀ ṣì hàn nínú rẹ̀, níbi tí omi ti máa ń sun jù. Bí dígà bá kan àpáta odidi, iṣẹ́ parí níbẹ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n kà lórí yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ń yà sí àwòrán lónìí.

Ìmọ̀ náà wà lórí ahọ́n, kò dé inú ìwé. Ìsẹ̀ ni ìlú tí Ọlọ́wẹ̀, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, ti ṣiṣẹ́, òun ló sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí ó fi bí aṣojú ìjọba òyìnbó ṣe dé ọ̀dọ̀ ọba hàn, ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum di òní. Igi gba ìtàn ìdé òyìnbó dúró. Kò sí igi tàbí ìwé tó gba ìtàn bí omi ṣe ga tó nínú kànga Ìkẹ́rẹ́ ní ọdún yẹn tàbí ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àìsí àkọsílẹ̀ yìí ló sì ń dá àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lágara lónìí.

Ìjọba amúnisìn dá ilé iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1919, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ jù ni tánganran, èédú àti wúrà. Nígbà tó yíjú sí omi abẹ́ ilẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1920, ìhà Sókótó àti àwọn ilẹ̀ gbígbẹ Àríwá ló kọ́kọ́ kọjú sí, èyí tó bójú mu, nítorí pé òùngbẹ ibẹ̀ pọ̀ ju ti ilẹ̀ olójò lọ. Èkìtì, tí igbó bò tí òjò sì ń rọ̀ sí, kò jọ ibi tí omi wọ́n lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀ràn náà yí padà: ní 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá àwọn àjọ agbègbè odò sílẹ̀, tí Èkìtì sì bọ́ sábẹ́ ti Benin-Owena, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya 1981 sí 1990 sọ́tọ̀ fún ìpèsè omi mímu, ní 1986 ni DFRRI, àjọ oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn fún ìgbèríko, bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kànga ẹ̀rọ káàkiri àwọn abúlé. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì fi máa kúrò lára Oǹdó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996, ẹ̀rọ afọwọ́fà ti di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kò sì pẹ́ tí kànga ẹ̀rọ fi di ẹ̀bùn tí olóṣèlú ń fún ìlú, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ń gbẹ́, tí onílé tó bá lówó sì ń gbẹ́ sínú ọgbà rẹ̀.

Kànga ẹ̀rọ lè gba inú àpáta kọjá, ohun tí dígà kò lè ṣe, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, bí kò bá sì bọ́ sí ojú sísán, òfo ni. Nínú irú àpáta yìí, èyí tó bá mú lítà kan wá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a ń kà sí kànga tó dára. Ọ̀pọ̀ ni kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù òfo yìí ló mú kí iná mànàmáná wọ iṣẹ́ náà. Conrad Schlumberger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò láti 1912 pé bí a bá kan irin méjì mọ́lẹ̀, tí a rán iná gba inú wọn, tí a sì fi irin méjì mìíràn tó wà láàárín wọn wọn ohun tó ṣẹ́ kù nínú agbára iná náà, a óò mọ bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó. Bí a bá sì ń sún àwọn irin òde síwájú kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, iná yóò máa jinlẹ̀ sí i. Amọ̀ tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ dènà iná, àpáta odidi ń dènà rẹ̀ gidigidi, àpáta tó sán tí omi sì wà nínú rẹ̀ a wà láàárín méjèèjì. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ifẹ̀, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì ti fi ọ̀nà yìí wọn ilẹ̀ gúúsù Èkìtì lọ́pọ̀ ibi, tó fi jẹ́ pé okùn wáyà gígùn tí wọ́n ń fà káàkiri oko kì í ṣe ohun tuntun mọ́ lójú àwọn àgbẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ wọ ọ̀ràn omi abẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè náà. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń fi ìlà tí wọ́n yà láti inú ìwọ̀n iná wé àwọn ìlà tó ti wà nínú ìwé, kí wọ́n tó lè sọ pé ìpele kan nípọn tó báyìí. Ní 1988 ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní RESIST jáde láti ilẹ̀ Netherlands, láti ọwọ́ Vander Velpen, òun àti arọ́pò rẹ̀ WinRESIST sì di irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ jù. Ètò yìí ń sọ ohun tó wà lábẹ́ ojú kan ṣoṣo; kò sọ bí omi ṣe ń rìn láti ojú kan dé òmíràn. Ìyẹn nílò irú ìṣirò mìíràn, tí ìtàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ibòmíràn.

Ní ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé, Henry Darcy, ẹnjiníà tó ti fi páìpù fa omi láti orísun kan wá sí ìlú rẹ̀, fi yanrìn kún ọ̀pá irin kan, ó sì jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá. Ó rí i pé bí ìyàtọ̀ gíga omi láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni omi ń yára tó, pé bí yanrìn bá gùn sí i omi a dẹwọ́, àti pé oríṣi yanrìn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ tó fi ń jẹ́ kí omi kọjá. Ó tẹ òfin yìí jáde ní 1856, ó sì kú ní ọdún kejì lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1935, Charles Theis ní Amẹ́ríkà rí i pé omi tí a ń fà láti inú kànga ń dín kù lọ́nà tó jọ bí ooru ṣe ń tán nínú irin, ó sì ṣírò bí omi yóò ṣe máa lọ sísàlẹ̀ yí kànga ká láti wákàtí dé wákàtí. Kí kọ̀ǹpútà tó gbilẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà a máa to wáyà àti ẹ̀yà rédíò sórí pátákó ńlá, wọn a rán iná gba inú wọn, wọn a sì ka iná náà bí ẹni pé omi ni, nítorí pé òfin kan náà ló ń darí méjèèjì. Ní 1984 ni Michael McDonald àti Arlen Harbaugh, òṣìṣẹ́ àjọ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé MODFLOW jáde, ètò tí ìjọba wọn fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde ní 2017, kò sì sí irú rẹ̀ tí wọ́n ń lò tó o títí di òní.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro láti lóye. A pín ilẹ̀ agbègbè kan sí àwọn àpótí kéékèèké, ní ìbú, ní òró àti ní ìjìnlẹ̀. A sọ fún kọ̀ǹpútà bí ilẹ̀ inú àpótí kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹ́ kí omi kọjá tó, bí òjò tó ń wọ̀ ọ́ ṣe pọ̀ tó, ibi tí odò wà àti ibi tí kànga wà. Kọ̀ǹpútà yóò wá fi òfin Darcy ṣírò iye omi tí àpótí kan ń gbé fún èkejì, ní ìlànà pé ohun tó wọlé, bí a bá yọ ohun tó jáde kúrò nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá ohun tó pọ̀ sí i tàbí tó dín kù nínú àpótí mu. Yóò sì tún un ṣe títí gbogbo àpótí yóò fi gbà pẹ̀lú ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni onímọ̀ yóò fi gíga omi tí kọ̀ǹpútà sọ wé gíga omi tó wà nínú kànga gidi. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, onímọ̀ ni yóò tún èrò rẹ̀ nípa ilẹ̀ náà pa. Láìsí ìfiwéra yìí, àwọ̀ mèremère ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Lórí ilẹ̀ yanrìn, iṣẹ́ yìí ń lọ geerege. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí omi tí Kutonu ń mu ti ń wá láti inú àwọn kànga Godomey, àwọn onímọ̀ ti fi irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ wo ìrìn omi inú yanrìn etíkun ibẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù pé bí fífà bá pọ̀ jù, omi iyọ̀ yóò wọ inú rẹ̀. Yanrìn tẹ́ lọ, àpótí kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì lọ títí. Ìkẹ́rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, àpótí kan lè jẹ́ yanrìn olómi, kí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ àpáta tí kò gba omi rárá, ojú sísán kan tó fẹ̀ díẹ̀ sì lè gbé omi ju gbogbo amọ̀ tó yí i ká lọ. Àwọn kan máa ń ka àpáta tó sán sí ilẹ̀ tó ní ihò wínníwínní kan náà káàkiri, kí ìṣirò lè rọrùn. Ó tọ̀nà bí ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣírò bá fẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tanni jẹ bí ìbéèrè bá jẹ́ ti agboolé kan. Ẹni tó bá ṣe àwòṣe Emùré láìmọ ibi tí àpáta ti súnmọ́ òkè, àwòṣe ìlú mìíràn ló ṣe.

Síbẹ̀ àwọn ìbéèrè kan wà tí kò sí ohun mìíràn tó lè dáhùn wọn. Bí ilé ọgọ́rùn-ún ní àdúgbò kan bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tí gbogbo wọn sì ń fà á láàárọ̀, kànga àtijọ́ tí àwọn tí kò lówó ń fà ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, àwòṣe ló sì lè sọ bí èyí yóò ṣe yá tó. Ọ̀rọ̀ sálángá náà wà níbẹ̀: wólé-wólé máa ń wọn ìjìnnà sálángá sí kànga, ṣùgbọ́n kò wo ìhà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn sí, bẹ́ẹ̀ ni kànga tó wà ní ìsàlẹ̀ ìṣàn kò lè bọ́ nínú ìdọ̀tí bí ó tilẹ̀ jìnnà díẹ̀. MODPATH, ètò tí David Pollock ṣe ní 1989 láti máa bá MODFLOW rìn, ń tọ ipasẹ̀ ìkán omi kan láti ibi tó ti wọ ilẹ̀ dé inú kànga, ó sì ń sọ iye ọdún tó lò lójú ọ̀nà.

Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ní gúúsù Èkìtì kò ju àkọsílẹ̀ lọ. Ìwọ̀n iná tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbà láti ọdún wọ̀nyí wá yẹ kí ó kúrò nínú ìwé àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan kí ó sì bọ́ sí ojú kan náà. Ó yẹ kí a bi àwọn agbẹ́kànga tó ti dàgbà léèrè ibi tí dígà wọn ti kan àpáta, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ó yẹ kí ó di dandan fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ láti fi ìjìnlẹ̀, irú òkúta àti ìwọ̀n omi tí wọ́n bá pàdé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, ti Ìsẹ̀-Ọ̀rùn àti ti Emùré yan kànga díẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rán ẹnì kan láti máa fi okùn tí a sàmì sí wọn gíga omi inú wọn lóṣooṣù, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n má sì dá a dúró nígbà tí ìjọba bá yí padà. Yunifásítì tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lè gba iṣẹ́ náà mọ́ra láti ọ̀la.